Róòsì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà: bí kò ṣe ní kú mọ́ yín lọ́wọ́ kí ẹ tó gbìn ín

Róòsì mẹ́rin ni mo kọ́kọ́ rà nígbà tí a kó dé Tanke ní Ìlọrin, mẹ́ta ló sì kú kí n tó gbẹ́ ihò kankan. Kì í ṣe pé mo gbàgbé wọn o. Láàárọ̀ mò ń bomi rin wọ́n, lọ́sàn-án mò ń bomi rin wọ́n, lálẹ́ mo tún ń ṣe é. Mo tò wọ́n sórí kọnkéré iwájú ilé níbi tí oòrùn ti ń pa wọ́n dáadáa, torí gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé róòsì fẹ́ràn oòrùn. Nígbà tí ẹ̀kẹta kú, inú bí mi, mo fi ọ̀bẹ la ọ̀rá erùpẹ̀ tí wọ́n gbìn ín sí. Ẹ̀gbẹ́ erùpẹ̀ náà tutù rinrin, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń rùn bí omi gọ́tà, àárín rẹ̀ gbùngbùn sì gbẹ bí kúlíkúlí. Gbòǹgbò tó wà nísàlẹ̀ jẹrà sínú omi, èyí tó wà láàárín kú sóùngbẹ, nínú ọ̀rá kan ṣoṣo.

Ohun tí mo wá ń sọ fún ẹni tó bá bi mí léèrè nìyí: títí dìgbà tí róòsì bá wọ ilẹ̀, gbòǹgbò ni kí ẹ máa ṣọ́, ẹ gbàgbé òdòdó. Ìwọ̀nba nǹkan tó kù tí mo fẹ́ kọ síbí, orí èyí ló dá lé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igbá

Ẹ má yan èyí tí òdòdó kún orí rẹ̀. Òun ló ń fa ojú mọ́ra, àwọn olódòdó ẹ̀bá títì náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tò ó síwájú. Èyí tó ní ẹ̀ka mẹ́ta tó ki, tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tí kò tíì tanná tàbí tó jẹ́ ìrudi kéékèèké ló wà lórí rẹ̀, òun ni kí ẹ dá iye lé. Ẹ yí abẹ́ ewé wò. Ẹ gbé ọ̀rá náà sókè, kí ẹ wo àwọn ihò ìsàlẹ̀: bí gbòǹgbò funfun bá ń yọjú níbẹ̀, ó dára. Bó bá dúdú tó ń yọ̀, ẹ gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka méjì mú ìdí igi náà kí ẹ mì í díẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í fẹ́ kí n ṣe èyí. “Mọ̀mí, ẹ má mì í o, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ilẹ̀ ni.” Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ilẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀ka tí wọ́n gé gún inú ọ̀rá láìpẹ́ yìí ni, kò tíì fi bẹ́ẹ̀ ní gbòǹgbò. Ìyẹn ò burú, bí owó rẹ̀ bá ti lè wálẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ ṣì máa fi tọ́ ọ nínú ọ̀rá kó tó tó gbìn.

Ẹ béèrè ohun kan sí i kí ẹ tó sanwó: ibo ló wà tẹ́lẹ̀, abẹ́ igi ni àbí inú oòrùn? Ìdáhùn rẹ̀ ló máa sọ ibi tí ẹ máa gbé e sí nílé.

Ọ̀nà ilé

Atẹ́gùn ọ̀nà ń ba róòsì jẹ́ ju bí a ṣe rò lọ. Ẹni tó gbé e sí ẹ̀yìn ọ̀kadà láti Challenge dé Tanke, atẹ́gùn á ti fa omi inú ewé rẹ̀ tán kó tó délé. Bó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ Marwa, ẹ gbé e sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ yín. Bó bá jẹ́ láti Ìbàdàn lẹ ti ń gbé e bọ̀, ẹ fi àpò ìdọ̀họ tí ẹ rẹ sínú omi tí ẹ sì fún dáadáa bò ó lórí, kí ẹ sì fi nǹkan há ọ̀rá náà kó má baà máa yí gbiri. Ẹ má gbé e sínú búùtù tí oòrùn ń gan lórí kí ẹ wá yà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ jẹun. Bí ẹ bá sì ń gbé e, abẹ́ ọ̀rá ni kí ẹ dì mú, ẹ má fi ọrùn igi gbé e. Ọ̀rá erùpẹ̀ wúwo, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tó ń mu omi á sì já nínú lọ́hùn-ún láìjẹ́ pé ẹ rí nǹkan kan.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́

Ẹ gbé e sí ibòji tó mọ́lẹ̀: abẹ́ igi máńgòrò, abẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìn ilé tí oòrùn àárọ̀ nìkan ń dé. Ẹ má gbé e wọ yàrá. Ẹ bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan, kí omi ṣàn jáde nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi í sílẹ̀. Kò sí fatiláísà, kò sí yíyí ọ̀rá padà, kò sí gígé. Bí ewé méjì tàbí mẹ́ta ìsàlẹ̀ bá pọ́n tí wọ́n bọ́, ẹ má já ara yín láyà, ìrìn àjò ló ń dà á láàmú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tò ó mọ́ àwọn róòsì yín àtijọ́. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ méjì ni kó fi dá wà, ní nǹkan bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí wọn. Bí kòkòrò tàbí àìsàn kan bá bá a wá láti ọjà, ọ̀sẹ̀ méjì náà ló máa tú u fó.

Ibi tí ó máa dúró sí títí ẹ ó fi gbìn ín

Òótọ́ ni pé róòsì fẹ́ràn oòrùn. Tó bá ti wọ ilẹ̀, wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ ló ń fẹ́, kó tó lè tanná dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rá dúdú kì í ṣe ilẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan ọ̀rá dúdú tó wà nínú oòrùn aago méjì ọ̀sán ní oṣù kẹta, ẹ máa fọwọ́ yọ kíá. Gbòǹgbò ibẹ̀ ò ní ibi tó máa yọ sí ní tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá ni gbòǹgbò wẹ́wẹ́ pọ̀ sí jù, èyí tó wà níbi tí oòrùn ń kọjú sí ló sì ń sè.

Nítorí náà, orí ni kí ẹ fi sínú oòrùn, kí ìdí wà ní ibòji. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí ẹ wa kòtò tí kò jìn, tó tó ìdajì gíga ọ̀rá, lábẹ́ ibi tí oòrùn àárọ̀ ń dé, kí ẹ gbé róòsì náà sí i pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀, kí ẹ wá wọ́ erùpẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ á máa tu ìdí rẹ̀ lára, omi ò sì ní tètè gbẹ. Ẹ rí i dájú pé kòtò náà kì í dá omi dúró. Ẹni tí ilé rẹ̀ jẹ́ ìntálọ́ọ̀kì látòkè délẹ̀, tí kò rí ibi wa, kó to àwọn ọ̀rá náà pọ̀ gbágbágbá, kó fi búlọ́ọ̀kù tàbí pákó dí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ọ̀sán ń gbà wá, kó sì fi pákó tẹ́ abẹ́ wọn. Kọnkéré àti ìntálọ́ọ̀kì máa ń gba ooru pamọ́ dìgbà tí a bá ki ìṣáà tán.

Èyí tó ti ń gbé inú oòrùn lọ́dọ̀ olódòdó lè gba oòrùn àárọ̀ láti ọjọ́ kẹrin. Èyí tó wá láti abẹ́ igi, wákàtí kan ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wákàtí méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa lágbára. Bí ẹ bá jù ú sínú oòrùn lójijì, ewé rẹ̀ á jó, á dà bí ìwé tí iná rà.

Àti ewúrẹ́. Ẹni tó bá rò pé ẹ̀gún máa lé ewúrẹ́ sẹ́yìn kò tíì bá ewúrẹ́ àdúgbò wa pàdé. Ó mọ bó ṣe ń fi ètè ṣa ewé láàárín ẹ̀gún, orí ìrudi ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Kí géètì wà ní títì, tàbí kí ẹ fi wáyà yí wọn ká.

Ọ̀rọ̀ omi

Ibí ni róòsì púpọ̀ ti ń kú, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ má fi aago bomi rin róòsì inú ọ̀rá. Ìka ni kí ẹ fi wò ó. Ẹ ti ìka bọ inú erùpẹ̀ dé oríkèé kejì. Bó bá tutù níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Bó bá gbẹ, àkókò ti tó. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ gbé ọ̀rá náà wò lẹ́yìn tí ẹ bá bomi rin ín tán, kí ọwọ́ yín mọ bó ṣe wúwo tó. Tó bá di ọjọ́ tó fúyẹ́ bí ọ̀rá búrẹ́dì, ẹ ò nílò ìka mọ́. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ọ̀rá kékeré lè fẹ́ omi lójoojúmọ́, èyí tó tóbi á lè dúró ọjọ́ méjì. Nígbà òjò, ẹ lè lo ọ̀sẹ̀ kan láì fún un ní nǹkan kan.

Tí ẹ bá máa fún un, ẹ fún un yó. Omi díẹ̀díẹ̀ lórí erùpẹ̀ ló pa tèmi: kì í dé àárín. Ẹ dà á jẹ́jẹ́ títí á fi jáde ní ihò ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀. Erùpẹ̀ tó ti gbẹ jù máa ń súnkì kúrò lára ọ̀rá. Ẹ dà omi sí i báyìí, ó gba ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó jáde nísàlẹ̀, ẹ rò pé ó ti yó, nígbà tó jẹ́ pé àárín ò tíì fi ẹnu kan omi. Bí ẹ bá rí i pé omi yára jáde jù, ẹ bu omi sínú korobá, ẹ gbé ọ̀rá náà sínú rẹ̀ kí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú erùpẹ̀. Ẹ máa rí i tó ń hó. Tó bá ṣíwọ́ híhó, bí ìdajì wákàtí tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e sórí búlọ́ọ̀kù méjì kó ro gbẹ. Ẹ má fi í sílẹ̀ sínú korobá di ọjọ́ kejì. Bákan náà, ẹ má fi àwo sí abẹ́ ọ̀rá tí omi á máa dúró sí.

Àárọ̀ ló dára jù láti bomi rin ín, ìdí ilẹ̀ sì ni kí ẹ dà á sí, kì í ṣe orí ewé. Àìsàn tó ń fi àmì dúdú sára ewé róòsì, ewé tó tutù fún nǹkan bí wákàtí méje léra wọn ló ń fẹ́ kó tó ràn. Ẹni tó bá fi họ́ọ̀sì wẹ̀ ẹ́ lórí lálẹ́ ti tẹ́ ẹní fún un. Mo gbìyànjú oríṣiríṣi ike, kò sí èyí tó tó búútà àlùwàlá. Ẹnu rẹ̀ gùn, ó ń gba àárín ẹ̀gún kọjá lọ sí ìdí igi, ọwọ́ yín ò sì ní ya. Ẹ ra tirẹ̀ lọ́tọ̀ o, kí Àlájà má baà wá búútà nígbà àsùnbáà kó bá a nídìí òdòdó.

Omi kànga dára, omi bòhóòlù dára, omi òjò ló dára jù. Omi tí a fi fọ aṣọ kò dára. Kí ẹ sì rántí pé omi tó ti sùn sínú họ́ọ̀sì tàbí táńkì dúdú orí ilé lọ́sàn-án lè gbóná débi tí a fi lè fi wẹ ọmọ tuntun. Ẹ jẹ́ kí ti iwájú ṣàn dànù ná.

Ewé tó rọ̀ wálẹ̀ máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà, torí òùngbẹ àti àmuyíràá, bákan náà ni wọ́n ṣe ń jọ lójú. Bí ewé bá rọ̀ lọ́sàn-án tó tún gbérí nírọ̀lẹ́, ooru lásán ni, ẹ má fún un lómi. Bó bá ṣì rọ̀ ní àárọ̀ kùtù, ẹ ti ìka bọ̀ ọ́. Òùngbẹ máa ń jẹ́ kí etí ewé gan, kó máa dún pẹrẹpẹrẹ. Omi àpọ̀jù máa ń jẹ́ kí ewé pọ́n láti ìsàlẹ̀, kó rọ̀ bẹ̀lẹ̀bẹ̀lẹ̀, kó bọ́ tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, erùpẹ̀ á sì máa rùn. Fún èyí, ẹ fi irin kékeré lu ihò sí i sí ìsàlẹ̀ ọ̀rá, ẹ gbé e sí ibòji, kí ẹ sì kó ọwọ́ omi dúró.

Kòkòrò àti àmì dúdú

Ẹ máa yí abẹ́ ewé wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí èèrà bá ń gun róòsì yín lọ tó ń sọ̀, ẹ tẹ̀ lé e dé orí ẹ̀ka tó rọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá kòkòrò kéékèèké aláwọ̀ ewé tó ṣù jọ síbẹ̀ tí wọ́n ń fa oje. Oje dídùn tó ń ti ìdí wọn jáde ni èèrà ń lá. Ẹ fi ìka nù wọ́n kúrò, tàbí kí ẹ po ọṣẹ olómi tí kò le, ṣíbí tíì kan sí omi lítà kan, kí ẹ fín in sí wọn lára nírọ̀lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ewé kan ṣoṣo, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun máa jó ewé, ẹ má lò ó. Dóńgóyárò náà ń ṣiṣẹ́: ẹ gún ewé rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fín in.

Nígbà ọyẹ́, ọ̀tá ibẹ̀ yàtọ̀. Ewé á máa ní tótòtó funfun wẹ́wẹ́, á dà bíi pé eruku bò ó, okùn tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ́ ìwé funfun sábẹ́ ẹ̀ka náà, kí ẹ gbọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá rí ohun tó kéré ju iyọ̀ lọ tó ń rìn lórí ìwé, òun náà nìyẹn. Ó fẹ́ràn gbígbẹ àti eruku. Ẹ máa fi omi wẹ abẹ́ ewé ní àárọ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin léra wọn, kí oòrùn lè tètè gbẹ ẹ́. Ìgbà kan ṣoṣo nìyí tí mo gbà pé kí omi kan ewé.

Ewé tó bá ní àmì dúdú roboto tí etí rẹ̀ ò gún, tí àyíká rẹ̀ ń pọ́n, ẹ já a, ẹ ṣa èyí tó ti bọ́ sílẹ̀ náà, kí ẹ kó wọn dànù. Ẹ má kó wọn sórí ààtàn tí ẹ fẹ́ fi ṣe ajílẹ̀.

Àlùmọ́gàjí

Èyí máa dun yín: ẹ gé òdòdó rẹ̀. Gbogbo èyí tó ti là, gbogbo ìrudi tó bá ń yọ nígbà tó ṣì wà nínú ọ̀rá, ẹ gé e kúrò kí agbára lọ sí gbòǹgbò. Ẹ fi èyí tó là sínú gíláàsì omi lórí tábìlì, ẹ ò pàdánù nǹkan kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀ka tó ti kú nìkan ni kí ẹ gé. Ẹ fi sípírítì nu ojú àlùmọ́gàjí kí ẹ tó bọ́ sórí igi mìíràn.

Bí ẹ bá rí kókó ní ìdí igi náà, níbi tí wọ́n ti so róòsì kan mọ́ ìdí òmíràn, ẹ máa ṣọ́ abẹ́ kókó náà. Ẹ̀ka tó bá ti abẹ́ rẹ̀ yọ kì í ṣe róòsì tí ẹ rà, ìdí tó gbé e ló fẹ́ gba ilé. Ẹ fà á ya láti ìdí. Bí ẹ bá gé e lásán, á tún rú.

Èyí tó wá láìní erùpẹ̀

Nígbà mìíràn, gbòǹgbò rẹ̀ máa ń wà níhòòhò, tí wọ́n wé e sínú ìwé. Òun ni kò lè dúró. Lọ́jọ́ tó bá dé, ẹ tú u, ẹ gé gbòǹgbò tó dá tàbí tó jẹrà, kí ẹ rẹ ìyókù sínú omi tútù fún wákàtí díẹ̀, kó má kọjá ọjọ́ kan. Bí ihò ò bá tíì sí, ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù wé gbòǹgbò rẹ̀ sí ibòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bó bá máa ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbìn ín sínú ọ̀rá kíá. Ẹ má sì sọ fún ẹbí tó ń bọ̀ láti òkè òkun pé kó kàn kì í bọ inú báàgì. Igi tí wọ́n bá ń kó wọ orílẹ̀-èdè yìí gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, àjọ NAQS tó ń ṣàyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn ló ń bójú tó o.

Ìgbà wo ni kó wọ ilẹ̀?

Èyí tí ẹ bá rà láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, mo máa ní kí ẹ fi í sílẹ̀ nínú ọ̀rá títí òjò á fi fìdí múlẹ̀, bí ìparí oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, àyàfi tí kànga yín bá wà nítòsí tí kì í gbẹ. Bí gbòǹgbò bá ti ń yọ nínú gbogbo ihò kí òjò tó dé, ẹ gbé e sínú ọ̀rá tó tóbi sí i, láì tú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ ká.

Kí ẹ tó gbìn ín, ẹ yẹ ilẹ̀ wò. Ilẹ̀ pupa alámọ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀, ẹ rọ omi kún un. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ wá ibòmíràn tàbí kí ẹ gbé ebè sókè. Ìlú tí wọ́n ń kì pé ẹṣin leégún ilé wọn, ìgbẹ́ ẹṣin ò lè wọ́n wa, ti màlúù sì kún inú gáà. Ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ nísinsìnyí tí róòsì ṣì wà nínú ọ̀rá, kí ẹ bò ó, kí ẹ jẹ́ kó jẹrà fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, títí tó fi máa dúdú tí kò ní rùn mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ bomi rin ín yó. Lọ́jọ́ kejì, bí oòrùn bá ti rọ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ gbé e sínú ihò pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀ ná, kí ẹ wò ó bóyá ojú erùpẹ̀ rẹ̀ bá ojú ilẹ̀ dọ́gba. Ẹ wá fi bíléèdì la ọ̀rá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí ẹ bó o kúrò. Ẹ má fa igi náà yọ. Bí gbòǹgbò bá ti ń yí po nísàlẹ̀ bí òṣùká, ẹ fi ìka tú u díẹ̀ kó kọjú síta, kí ẹ tó wọ́ erùpẹ̀ bò ó.